Lápútọ́ọ̀pù kú, ojú rẹ̀ ò kú: Ohun tójú ìyá atẹ̀wé rí l'Alékúwodò

Bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìyàwó ilé àti ẹbí ọkọ, ohun tí kò tó nǹkan ló máa ń dá a sílẹ̀. Ti ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé l'Alékúwodò, l'Òṣogbo, kì í ṣe orí ilẹ̀, kì í ṣe orí ilé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orí mọ́tò. Orí lápútọ́ọ̀pù tó ti kú láti ọdún 2019 ni. Lápútọ́ọ̀pù náà kò ṣe é tàn, kò ṣe é tà, inú ọ̀rá dúdú ló wà lórí wọ́dúróòbù, eruku sì ti bo ọ̀rá náà débi pé èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i lára. Àmọ́ lọ́jọ́ tí obìnrin náà gbé e sọ̀kalẹ̀, tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ìròyìn ti dé etí àbúrò ọkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní ìyàwó ń ta ẹrù olóògbé.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí obìnrin náà ti ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Ìwé project àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tà tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ ló ń tẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi, ó kàn gba tábìlì kan, ẹ̀rọ fọtokọ́pì kan, ìjókòó méjì fún oníbàárà àti ìyá náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ò pè é ní nǹkan míì ju Mọ́mì lọ, ó sì mọ gbogbo àwọn tó jẹ gbèsè nínú wọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 2021, ṣọ́ọ̀bù yìí ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́, òun náà ló ń ra gàrí.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù keje, 2024, àwọn kan gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú wá. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún, fọ́tò rẹpẹtẹ, ìtàn ìgbésí ayé bàbá tó kú, Fúráìdeè ni wọ́n sì máa pín in. Obìnrin náà gba owó àsansílẹ̀, ó fi kún owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ó ti ná an tán kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má bínú sí i, ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iná tí wọ́n mú lọ láti àárọ̀ dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Gílóòbù méjì fọ́ nínú ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Nígbà tó débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ tàn, fáànù inú rẹ̀ ń yí, àmọ́ mọ́nítọ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó yọ wáyà, ó tún un kì, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbàdúrà sí i. Kinní ọ̀hún ò dáhùn.

Ohun tó tún ń dunni níbẹ̀ ni pé Òṣogbo yìí kan náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà. Ṣùgbọ́n bí iná gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe ń wó lulẹ̀ léraléra lọ́dún 2024, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wó fún ará Òṣogbo. Kò sí ìpín ọmọ onílé níbẹ̀.

Ó wá mọ́nítọ̀ lọ. Èyí tó jẹ́ tòkúnbọ̀, N65,000 ni wọ́n pè é fún un, wọ́n ní nítorí pé àwọn mọ̀ ọ́n ni. Owó tó fi ra èyí tó bàjẹ́ kò tó ìdá mẹ́ta iye yẹn. Bí dọ́là ṣe ń gun òkè ni mọ́nítọ̀ ń tẹ̀ lé e: dọ́là kan tí kò tó N500 lọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, 2023, ti lé ní N1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyá náà kò ní N65,000. Ó yá mọ́nítọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì, ìyẹn ló fi ṣe ìwé ìsìnkú yẹn, torí òkú ò ṣe é bẹ̀ pé kó dúró de mọ́nítọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, onímọ́nítọ̀ ti ń béèrè ẹrù rẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ibẹ̀ ló bi í lọ́jọ́ náà pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní lápútọ́ọ̀pù tó ti bàjẹ́ nílé?" Ó ní òun ní, ti bàbá àwọn ọmọ ni, wọ́n ní mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jóná láti 2019. "Ṣé ó jábọ́ ni, àbí ojú ẹ̀ ti sán?" Ó ní rárá, ńṣe ló kàn ṣíwọ́ lọ́jọ́ kan. "Mọ́mì, a jẹ́ pé ojú ẹ̀ ò kú nìyẹn. Ẹ gbé e wá."

Obìnrin náà rò pé ọmọ náà fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ta ló ń yọ ojú òkú láti fi ríran? Àmọ́ Alékúwodò kúkú ni wọ́n ń gbé. Létí ẹni tó gbọ́ Yorùbá, orúkọ náà ń dún bí ìgbà tí wọ́n lé ikú wọ odò. Ó lọ gbé e.

Òótọ́ sì lọmọ náà ń sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé lápútọ́ọ̀pù kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́dábọ́ọ̀dù ló máa ń lọ, tàbí bátìrì, tàbí ibi tí wọ́n ń ki ṣájà sí. Ojú rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, nọ́ọ̀tì ló dè é mọ́ ìdérí, wáyà ló so ó mọ́ ara yòókù. Kí ló wá dé tí èèyàn ò lè yọ ọ́, kó kì í mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá bí wọ́n ṣe ń ki mọ́nítọ̀? Èdè ni. Kọ̀ǹpútà ńlá ń sọ èdè VGA tàbí HDMI láti ẹ̀yìn rẹ̀, ojú lápútọ́ọ̀pù ò sì gbọ́ ìyẹn. Àwọn tó ti pẹ́ ń gbọ́ LVDS, tó ti wà láti 1994, àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ń gbọ́ eDP, tí wọ́n gbé jáde ní 2008. Bí wọ́n ṣe máa ń wá ògbufọ̀ sí kóòtù tí adájọ́ bá jẹ́ Haúsá tí olùjẹ́jọ́ sì jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa wá ògbufọ̀ sí ti ibí yìí. Bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Yunifásà bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Wáyà kan á ti inú kọ̀ǹpútà wọ inú rẹ̀, wáyà kan á ti inú rẹ̀ wọ ẹ̀yìn ojú lápútọ́ọ̀pù, ṣájà fóòtì 12 á sì máa fún un níná. Ó parí.

Kò tíì parí o. Wọn kì í ra bọ́ọ̀dù yìí bí ẹni ra àkàrà. Tí wọ́n bá tú ojú náà, bébà funfun kan wà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ńbà wà lára bébà náà, irú bíi B156XW02 tàbí LP156WH2 tàbí N156BGE. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ irú wáyà tó máa gbà, bóyá eléyín 30 ni tàbí eléyín 40, òun náà ló ń sọ iye fóòtì tó ń jẹ. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é láìwo nọ́ńbà, ẹ gba ẹrù yín lọ́wọ́ ẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù ayé àtijọ́, ṣáájú bíi 2009, gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní mẹ́kúrì nínú ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì tún nílò ìńfátà kékeré tó ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì jáde. Ìyẹn lè gbé èèyàn. Èyí tó bá jẹ́ LED ló rọrùn. Ti olóògbé yìí, 2012 ni wọ́n rà á, nígbà tí owó oṣù ṣì ń jẹ́ owó oṣù, LED sì ni.

Ibi tí àbúrò ọkọ ti wọ ọ̀rọ̀ náà rèé. Lọ́jọ́ Sáńdè, ó dé sílé ìyá náà, kò jókòó. Ó ní wọ́n sọ fóun pé ìyàwó àwọn ti gbé lápútọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n òun fún àwọn ọmọ yahoo. Ó ní ìwé ilẹ̀ kan wà tí ẹ̀gbọ́n òun kó sínú kinní ọ̀hún, òun ò sì fẹ́ kó dọwọ́ àjèjì. Obìnrin náà kò bá a jà. "Ọkọ mi," ló wí, "ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà lọ́la, kí wọ́n tú u lójú yín."

Ká má parọ́, bàbá náà kò jẹ̀bi tán. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn kan láti Kánádà ra háàdì dísìkì àlòkù ní Gánà ní dọ́là 40, ìwé iṣẹ́ iléeṣẹ́ Northrop Grumman, tó ń ṣe ohun ìjà fún ìjọba Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Bí tàwọn yẹn bá lè délẹ̀ ọjà, ti ará Alékúwodò ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gbé lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ jáde nílé, kó yọ háàdì dísìkì rẹ̀ ná.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ yọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyẹn. Ọmọ náà kì í sínú kéèsì kékeré kan tó ní wáyà USB, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gbogbo wọn sì na ọrùn. Ìwé ilẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìwé tó wà níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó àjọ tí ẹbí jọ ń dá, tí olóògbé jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó kó owó tí wọn ò dá ìyókù mọ́. Àbúrò ọkọ ní kí wọ́n kúrò lórí ìyẹn kíákíá. Fọ́tò ló pọ̀ jù: ìyá náà nínú aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé tí kò rántí mọ́ pé òun ní, ọmọ wọn àgbà nínú igbó Ọ̀ṣun, tó ń nàka sí ọ̀bọ kan lórí igi. Ó sunkún díẹ̀. Ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí nọ́ọ̀tì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọmọ yìí, òkú lápútọ́ọ̀pù tó wà nílẹ̀ lé ní ogún. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yani lẹ́nu. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel tó wà n'Ìbàdàn jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2018, sọ pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún kọ̀ọ̀kan ní 2015 àti 2016, inú mọ́tò tòkúnbọ̀ ni wọ́n sì kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sí. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá nínú wọn ò kéré. Nígbẹ̀yìn, orí ààtàn ni wọ́n ń gbà á sí, wọ́n á sun ún torí kọ́pà, èéfín rẹ̀ á wọlé ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rí.

Wẹ́sìdeè ni bọ́ọ̀dù náà dé láti Computer Village n'Ìkẹjà, N24,000 pẹ̀lú wáyà àti owó mọ́tò. Ọmọ náà gbọ́n, ó ní òun ò ní kọ́kọ́ fi ojú olóògbé dán an wò. Ó mú ojú kan tó ti sán lára àwọn òkú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ òun so ó. Kinní dúdú kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù náà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ, jọ́ńpà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ iye fóòtì tí bọ́ọ̀dù máa gbé fún ojú: 3.3, tàbí 5, tàbí 12. Irú ojú lápútọ́ọ̀pù yìí, 3.3 ló ń jẹ. Orí 12 ni jọ́ńpà wà nígbà tí bọ́ọ̀dù dé, ọmọ iṣẹ́ ò sì wò ó. Ó ki ṣájà. Òórùn bí ìgbà tí ọ̀rá ń jó gba inú ṣọ́ọ̀bù, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ yọ láti ẹ̀yìn kinní náà, ó tán. Ìyá náà dìde, ó gbá ojú ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí i." Ó gba ilé lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi padà débẹ̀. Fọtokọ́pì nìkan ló ń ṣe. Àwọn oníproject ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Ọmọ rẹ̀ pè láti yunifásítì pé ìyókù owó ò gbọ́dọ̀ kọjá ìparí oṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò ní jókòó ṣèdánwò. Kí ló wá ń dí i lọ́wọ́? Kì í ṣe owó. Tí mọ́nítọ̀ tí wọ́n rà lọ́jà bá jóná, wọ́n á wá òmíì rà. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, iwájú rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn máa ń jókòó sí lóru, tí iná bá lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń tàn sí i lójú, á ní òun ń bọ̀ wá sùn, kò ní wá. Tó bá jóná lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, kí ló fẹ́ sọ fún ẹbí? Kí ló fẹ́ sọ fún ara rẹ̀? Àmọ́ inú ọ̀rá lórí wọ́dúróòbù kọ́ ni ọkùnrin náà rà á fún.

Nígbà tó padà lọ, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í. Wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀ wá. Ọmọ náà sún jọ́ńpà, ó fi mítà wọn ẹnu ibi tí iná ti ń jáde kí wáyà tó kàn án, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi ojú ara yín kà á." Ó kà á: 3.3. Ọmọ náà tún wò ó pé ẹ̀gbẹ́ tí eyín àkọ́kọ́ wáyà wà bá ti bọ́ọ̀dù mu, torí wáyà tí wọ́n bá kì sódì náà lè pa á. Ìyá náà dijú. Nígbà tó lajú, kinní náà ti tàn, ó funfun báláú, lẹ́yìn náà ni àwọ̀ dàrú sí i, pupa níbi tó yẹ kó dúdú, àwòrán pín sí méjì bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe.

"Ó ti bàjẹ́," ló ní.

"Mọ́mì, ẹ ní sùúrù, èdè ẹ̀ la ò tíì bá mu." Ọmọ náà fi fíláàṣì kó ètò tó bá ojú 1366 × 768 mu sórí bọ́ọ̀dù, ó pa á, ó tún un tàn. Àwòrán jókòó. Ìwé project kan tí wọ́n pa tì láti oṣù keje ló yọ síbẹ̀, orí kejì, tí kọ́sọ̀ ń ṣẹ́jú níparí gbólóhùn tí kò parí. Kò sọ̀rọ̀. Ó fa bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé mọ́ra, ó parí gbólóhùn náà.

Káfíńtà ló ṣe ẹsẹ̀ fún un. Wọn ò sọ ìdérí lápútọ́ọ̀pù náà nù, inú rẹ̀ ni ojú ọ̀hún ṣì wà. Wọ́n fi pílíwúùdù ṣe àpótí kékeré fún bọ́ọ̀dù, wọ́n lu ihò sí i kí ooru lè máa jáde, wọn ò sì jẹ́ kí irin kankan kan ìdí rẹ̀. Sítíkà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí olóògbé lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìdérí ṣì wà níbẹ̀. Oníbàárà tó bá jókòó lódìkejì tábìlì, òun ló ń kọjú sí.

N36,000 ni gbogbo ẹ̀ jẹ́, bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ọwọ́ àti ti káfíńtà. Ẹni tó bá rí mọ́nítọ̀ tòkúnbọ̀ gidi ní N30,000, kó yáa rà á, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú. Ohun tó fi dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ ni iná: ojú LED ínṣì 15.6 pẹ̀lú bọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í jẹ ju wáàtì 10 tàbí díẹ̀ sí i lọ, nígbà tí mọ́nítọ̀ oníkùn ńlá ayé ọjọ́un ń jẹ bíi 70. Bátìrì fóòtì 12 lè tàn án, àmọ́ bátìrì tí sólà ń ṣájì lọ́wọ́ máa ń kọjá 14, ohun tó ń ṣàkóso fóòtì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà ńlá fúnra rẹ̀ ṣì ń jẹ iná tiẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń mu epo, lítà kan tí kò tó N200 kí oṣù karùn-ún, 2023, tó parí ti kọjá N1,000 nígbà tí 2024 ń lọ sópin. Ìyẹn ò lóògùn lára bọ́ọ̀dù. Ojú fóònù àti ti tábílẹ́ẹ̀tì náà kì í sábà bá irú bọ́ọ̀dù yìí mu. Ẹni tó ṣì ní Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í pín fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2013 nílé, kó má gbé e wá.

Ọmọ rẹ̀ ṣèdánwò. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àbúrò ọkọ yọ sí ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rá dúdú kan wà lábíyá rẹ̀. Ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ó wo mọ́nítọ̀ náà títí, ó ka sítíkà ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀rá sórí tábìlì.

"Ìyàwó wa," ó ní, "tèmi yìí kọ̀, kò tàn mọ́. Ẹ bá mi bi ọmọ yẹn, ṣé ojú ẹ̀ náà ò tíì kú?"

Obìnrin náà ní kò sí wàhálà, òun á bi í. Ó ní àmọ́ kí òun tó lọ, òun rí orúkọ kan nínú ìwé owó àjọ yẹn.